Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dán mọ́tò, pádì yín lè sọ èrè di gbèsè

Oòrùn àti eruku màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ara mọ́tò dán pẹ́. Iṣẹ́ nìyẹn jẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ mọ́tò ní Mowe àti Ibafo. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀dà tó ń dán lókè mọ́tò òde òní kì í sábà nípọn tó bébà ìwé. Èyí tẹ́ ẹ bá ti há kúrò kò ní í padà.

Pádì onírun àgùntàn máa ń jẹ ọ̀dà gan-an. Àpá tó jinlẹ̀ lẹ fi í ṣe. Fóòmù tó rọ̀ ló ń mú un dán gbẹ̀yìn. Ẹ má wo àwọ̀ fóòmù nìkan, torí ó yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fọ mọ́tò mọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ fi èyí tó rọ̀ jù dán ibi kékeré wò. Bí àpá ò bá lọ, ẹ mú èyí tó le díẹ̀ sí i. Ẹ má dá ẹ̀rọ dúró sójú kan, ẹ sì rọra ṣe etí ilẹ̀kùn; ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Pádì tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó tún lò ó.

Owó pádì méjì kò tó owó àtitún ilẹ̀kùn oníbàárà kan kùn.