Àgádágodo Ilẹ̀kùn àti Àwọn Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú, èyí tí a kàn mọ́ ara ilẹ̀kùn ni n ó máa pè ní àgádágodo. Èyí tí a ń mú lọ́wọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́: igi ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe irú rẹ̀. Linus Yale ọmọ, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi irin tún un ṣe, tí ó sì gba ìwé-àṣẹ lé e lórí ní 1861.

Irin róbótó kan ń yí nínú irin mìíràn tí kì í yí. A lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ara irin òde wọ irin inú. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin kékeré méjì gun ara wọn, sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n láti òkè. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀pá òkè a ti ẹsẹ̀ bọ irin inú, kò sì ní lè yí.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, eyín rẹ̀ a gbé àwọn ọ̀pá ìsàlẹ̀ sókè. Ibi tí ọ̀pá méjèèjì ti pàdé gbọdọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ààlà irin méjèèjì, nínú gbogbo ihò, lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni irin inú yóò yí, tí yóò sì fa ahọ́n àgádágodo kúrò nínú òpó ilẹ̀kùn.

Nígbà kan, afẹ́fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọmọ mi, ìkòkò sì wà lórí iná. Kọ́kọ́rọ́ tuntun tí mo ní kí wọ́n gé wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò yí. Ilẹ̀kùn ni a já kí ọwọ́ wa tó tẹ ọmọ. Nígbà tí mo fi tuntun wé ti àtijọ́, eyín mẹ́rin bára mu. Ìkarùn-ún ga díẹ̀ jù. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti yọrí wọ irin òde. Àgajù àti àìga-tó, ìdènà kan náà ni.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ọ̀pá mẹ́rin kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí ìkarùn-ún bá kọ̀. Nítorí náà, ẹ máa dán kọ́kọ́rọ́ tuntun wò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.