Yíyan Ohun Tí A Ó Fi Sin Edé Nínú Ilé
Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Ekpè

Ní Ekpè, omi kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Òkun wà níhà gúúsù wa, ọ̀sà wà níhà àríwá, títì tó ti Kútọnu lọ sí Àjàṣẹ́ sì gba àárín kọjá. Edé kì í ṣe àjèjì fún wa: à ń jẹ ẹ́, à ń yan án, à ń tà á. Bí ẹ bá wá fẹ́ sin ín láàyè nínú ilé tàbí nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ lè máa wo bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń bọ́ èèpo ara rẹ̀, ohun tí ẹ ó fi sin ín ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ọ̀pọ̀ nínú edé tó ń kú lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun èlò tí kò dára ló pa á, kì í ṣe àìsàn.

Ẹnu tó fẹ̀ àti omi tó pọ̀

Afẹ́fẹ́ tí edé ń mí nínú omi, ojú omi ló ń gbà wọlé. Ẹ wo ṣágo ńlá onídígí tí àwọn tó ń ta bẹntiróòlù kpayo fi ń pàtẹ epo lẹ́bàá títì. Ikùn rẹ̀ tóbi, ó ń dán, gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lèèyàn ń rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu omi kún un dé ọrùn, ojú omi tó kan afẹ́fẹ́ kò ní fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Bàsíà tí kò ga, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, sàn fún edé ju ṣágo bẹ́ẹ̀ lọ, bí omi inú àwọn méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Kí omi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ó ti tó. Edé kì í wá gíga. Ilẹ̀ àti ara ògiri ló ti ń jẹun.

Ìwọ̀n omi náà ṣe pàtàkì. Lítà 20 ló kéré jù tí a lè gbà yín nímọ̀ràn fún edé kéékèèké bíi 10. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi wọ́n sínú ìgò lítà méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Lábẹ́ òrùlé páànù, omi lítà méjì yóò ti gbóná kí ọ̀sán tó pọ́n, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ìgbóná omi bá jẹ́ ìwọ̀n 20, lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Tó bá dé 30, kò ju bíi 7.5 lọ. Ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tún ń di amóníà, májèlé gidi ni fún un. Nínú omi díẹ̀, ọjọ́ kan péré tó kí májèlé yìí fi pọ̀ jù. Nínú omi púpọ̀, ẹ óò ní àyè láti rí i pé nǹkan ti ń bàjẹ́ kí ẹ sì pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà. Omi púpọ̀ tún ń gba edé là nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ béèrè ohun tó ti wà nínú ohun èlò náà rí

Lórí èyí, a kò ní fẹnu kékeré sọ̀rọ̀. Ní agbègbè wa, kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kpayo rí pọ̀ gan-an, ẹni tó sì ń ta kẹ́ẹ̀gì àlòkù lè má mọ ibi tó ti wá. Rọ́bà máa ń fa bẹntiróòlù mu. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, omi ni yóò máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ dé e pa mọ́jú, kí ẹ ṣí i láàárọ̀ kí ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Bó bá rùn bí epo mọ́tò, bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe fún edé, kì í sì í ṣe fún omi mímu yín pẹ̀lú. Korobá tó ti gbé ọ̀dà tàbí oògùn apakòkòrò rí, bákan náà ni.

Kẹ́ẹ̀gì òróró ṣeé lò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí kò fi yọ̀ mọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè kúrò. Ẹ fi yanrìn ha etí ibi tí ẹ gé kó má baà ya ọmọdé lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a gé báyìí kì í gbà tó lítà 20 mọ́, nítorí náà edé márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó o.

Ẹ má lo ohunkóhun tó jẹ́ bàbà tàbí idẹ. Bàbà díẹ̀ nínú omi tó láti pa edé. Garawa onípáànù náà kò dára, nítorí síǹkì ara rẹ̀ ń yọ́ sínú omi. Àmù amọ̀ ń mú omi tutù, ó sì dára nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àmọ́ omi ń dín kù nínú rẹ̀ kíákíá, ẹ kò sì ní rí edé yín dáadáa. Àpótí dígí ló dùn ún wò jù. Kí ẹ tó rà á, ẹ rántí pé lítà omi kan wọn kílò kan: àpótí lítà 40 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan nígbà tí ẹ bá ka dígí àti yanrìn mọ́ ọn lọ́jọ́ tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tábìlì tó ń mì kò lè gbé e.

Omi àti irú edé

Omi ẹ̀rọ SONEB ní kílórìn nínú. Ẹ bu ú sínú ohun tó fẹnu fẹ̀, kó wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Kànga tó súnmọ́ etíkun lè ní iyọ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ má pọn omi ọ̀sà: nígbà tí odò Ouémé bá kún, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ọ̀sà Nokoué máa ń di omi tútù, iyọ̀ òkun á sì tún gba ọ̀nà Kútọnu wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu omi, yanrìn fífọ̀ àti kànrìnkànrìn titun tí kò kan ọṣẹ rí sínú ohun èlò yín, ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó kó edé wọlé, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń pa agbára amóníà lè gbilẹ̀.

Edé pupa kékeré tó wá láti ìhà Ṣáínà àti Taiwan, tí kì í ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ló bá ohun èlò kékeré mu. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà tó bá sú yín. Edé ọ̀sà tí à ń tà lọ́jà, òkun ni ó ń padà sí láti yé ẹyin, kò lè pẹ́ nínú bàsíà. Edé odò ńlá sì máa ń bá ara rẹ̀ jà. Ibi tirẹ̀ ni odò, ó sì ń ṣe wá lóore níbẹ̀: ní Senegal, ìdídò Diama tí wọ́n parí ní 1986 dí ọ̀nà rẹ̀ lọ síbi omi oníyọ̀, ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá, tí edé yìí máa ń jẹ, sì rí àyè pọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dá edé náà padà sí etí omi abúlé Lampsar, àrùn náà dín kù lára àwọn ará abúlé. Nítorí ìgbín bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ní kí ẹ má já ewéko láti inú ọ̀sà wá sínú ohun èlò yín.

Ìdérí

Omi tí a kò bò, ilé ẹ̀fọn ni. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé edé pé yóò jẹ gbogbo tanwíjí inú omi. Àmọ́ ẹ má ṣe gé àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí láti fi bò ó. Oògùn ara àwọ̀n náà kì í ṣe èèyàn ní nǹkan bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n edé kò lè fara dà á rárá. Fílíìtì tí a ń fọ́n sí yàrá ń pa á bákan náà. Aṣọ asẹ́ ògì tó mọ́, tí ẹ fi okùn rọ́bà dè mọ́ ẹnu ohun èlò náà, ló dára jù.

Aṣọ náà kò lè gba ọmọ jòjòló là. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ lè kó sínú bàsíà kó sì kú sómi, bí omi náà kò tilẹ̀ jìn. Ibi tó ga, tó sì dúró ṣinṣin, tí kò sí àga tó súnmọ́ ọn, ni kí ẹ gbé e sí. Kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan omi náà fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Bí ẹ bá ṣíwọ́ edé sísìn, ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri ohun èlò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń tan ibà dengue máa ń lẹ ẹyin mọ́ ògiri díẹ̀ sókè omi, ẹyin náà lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó sì tún pa nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ lábẹ́ òrùlé.