Àwọn Ọgbà Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù Lásìkò Òtútù

Ọjọ́ 21 tàbí 22 oṣù Kejìlá ni ọ̀sán máa ń kúrú jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago 8 àárọ̀ á ti lù kí oòrùn tó yọ, kò sì ní í tó aago 4 ìrọ̀lẹ́ tí yóò fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ kì í fẹ́ jáde lásìkò yìí bí kò bá jẹ́ ti iṣẹ́ tàbí ti ìsìn. Ó máa ń dùn mí, nítorí ìgbà yìí gan-an ni àwọn ọgbà tí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sílẹ̀ ṣeé wò jù. Ewé ti rẹ̀ dànù, igi wà ní ìhòòhò, ojú sì lè tọ ìlà tí ọba kan ní kí wọ́n fà sórí ilẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọgbà 8 ni wọ́n ń pè ní ti ọba nínú ìlú náà. Kò sí èyí tí wọ́n ń gba owó ìwọlé nínú wọn.

Greenwich, ní gúúsù odò Thames, ni mo máa ń ní kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1433 ni wọ́n ti ṣọgbà yí ilẹ̀ náà ká. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ létí odò ni ààfin tí wọ́n bí Henry Kẹjọ sí ní 1491 wà nígbà kan. Ààfin ọ̀hún ti wó tipẹ́. Ilé Ayaba tí Inigo Jones bẹ̀rẹ̀ ní 1616 ló dúró funfun níbẹ̀ báyìí. Ní àwọn ọdún 1660, Charles Kejì fẹ́ kí ọgbà rẹ̀ rí bíi ti ọba Faransé, ó sì ní kí André Le Nôtre, ẹni tó ṣe ọgbà Versailles, ya àwòrán rẹ̀. Díẹ̀ nínú igi chestnut tí wọ́n gbìn nígbà náà ṣì wà láàyè. Lásìkò ooru, ewé á bò wọ́n. Ní oṣù Kìn-ín-ní lẹ ó rí bí èèpo wọn ti lọ́ yí igi po láti ìdí lọ sókè.

Orí òkè ọgbà náà ni ilé ìwòràwọ̀ tí ọba yìí kan náà dá sílẹ̀ ní 1675 wà. Ó yẹ kí ẹni tó ń ka àlámànàkì dúró pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Nevil Maskelyne, onímọ̀ ìràwọ̀, ti gbé àlámànàkì àwọn atukọ̀ jáde fún ọdún 1767, ìwé tó ń sọ ibi tí òṣùpá yóò wà láàárín àwọn ìràwọ̀, kí ọ̀gá ọkọ̀ lè fi ṣírò bí òun ti rìn jìnnà tó síhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Ní 1884 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé láti orí ìlà tó gba Greenwich kọjá ni kí ayé ti máa ka ìjìnnà síhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Bọ́ọ̀lù pupa kan wà lórí òrùlé ibẹ̀ tó ń gun òpó lọ sókè, tó sì ń já wálẹ̀ ní aago 1 ọ̀sán gééré, láti ọdún 1833, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè fi tún aago wọn ṣe; bí ìjì bá le, wọn kì í gbé e sókè. Láti ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kẹta, aago Greenwich gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Bí bọ́ọ̀lù náà bá já, aago 2 ti lù ní Ìbàdàn àti ní Kútọnu, aago 1 ló sì lù ní Lomé.

Láàárín ìlú, ẹ gba St James's Park. Ilẹ̀ àbàtà ni nígbà tí Henry Kẹjọ gbà á ní 1532. Samuel Pepys kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1662, òun rí àwọn ènìyàn tó ń yọ̀ kiri lórí omi dídì níbẹ̀, ohun tí òun kò rí rí. Omi ibẹ̀ kì í sábà dì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ẹyẹ òfú, tó ní àpò ńlá lábẹ́ àgógó, ti wà níbẹ̀ láti 1664 tí aṣojú Rọ́ṣíà fi wọ́n ta Charles Kejì lọ́rẹ. Aago 2:30 ọ̀sán ni wọ́n máa ń fún wọn lẹ́ja.

Ní ìwọ̀-oòrùn Hyde Park ni ọgbà ààfin Kensington wà. William Kẹta àti Mary ra ilé náà ní 1689 nítorí pé afẹ́fẹ́ ààfin Whitehall kò jẹ́ kí ọba mí dáadáa. Inú ààfin yìí ni wọ́n bí Victoria sí ní 1819, ère rẹ̀ tí Louise ọmọ rẹ̀ gbẹ́ sì wà níta. Bí mo bá dé ìdí ère yìí nínú òtútù, ọmọ Yewa kan ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀: Àìná, tí wọ́n sọ ní Sarah Forbes Bonetta. Ogun Dàhómì kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ní oṣù Kọkànlá 1850, wọ́n mú un wá síwájú Victoria ní Windsor, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, láìsí ìyá, láìsí bàbá. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu, wọ́n sì rán an lọ sí Freetown ní 1851.

Òtútù náà kì í sì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Kò jọ ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè; ó rinrin, ó sì ń gba inú bàtà wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn ṣe pàtàkì ju kóòtù olówó ńlá lọ. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, àwọn òdòdó funfun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní snowdrop á ti máa yọ nídìí igi.

Ààfin Hampton Court, tí kò sí lára ọgbà 8 náà, ń gba owó ní tirẹ̀, rélùwéè láti Waterloo ló sì dé ibẹ̀. Ẹ wo àjàrà tí wọ́n gbìn ní 1768. Láìsí ewé, ìtí rẹ̀ hàn ketekete.

Nínú ọgbà 8 náà, Richmond Park ló tóbi jù, nǹkan bí ékà 2,500. Charles Kìn-ín-ní mọ odi yí i ká ní 1637 nítorí àgbọ̀nrín tó fẹ́ máa dọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni oko àwọn ẹlòmíràn wà nínú ohun tó kó mọ́ ọn. Nígbà tó yá, Amelia ọmọ George Kejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìlú. John Lewis tó ń pọn bíà ní Richmond gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1758. Adájọ́ bi í bóyá ilẹ̀kùn ló fẹ́ tàbí àkàbà lára odi. Ó mú àkàbà, nítorí ilẹ̀kùn ṣeé tì. Gbogbo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lónìí jẹ ọkùnrin yìí ní ọpẹ́. Àgbọ̀nrín tó lé ní 600 ṣì wà níbẹ̀: ẹ fi ó kéré tán mítà 50 jìnnà sí wọn, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ. Ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejì, wọ́n máa ń ti gbogbo ilẹ̀kùn láti aago 8 alẹ́ sí 7:30 àárọ̀, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń dín iye àwọn àgbọ̀nrín náà kù.