Bí Dígí Àpótí Ẹja Bá Sán

Ǹjẹ́ ẹ ní àpótí onídígí tí ẹ ń sin ẹja sí nínú pálọ̀ yín? Bí ó bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin.

Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù lu àpótí ẹja. Dígí náà kò fọ́. Ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo ni a rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. A lẹ téèpù mọ́ ọn, a sì gbàgbé rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, ariwo ńlá jí wa. Dígí ti là, omi ti gba pálọ̀, wáyà iná wà nínú omi, ọmọ náà sì ti ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà láti wo ẹja rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó gbá a mú lẹ́nu ọ̀nà. Àwa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ.

Kí ló dé tí ìlà kékeré fi ṣe èyí?

Omi wúwo ju bí a ti rò lọ. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ó fẹ̀ ní 30, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní 40, gba lítà 108. Èyí ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ! Bí omi bá sì ti jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ti dígí síta tó. Ẹ wo dáàmù Odò Ọyán tí a ṣí ní 1983: ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ju òkè rẹ̀ lọ, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi ti ń tì í jù.

Ṣé ó ṣẹ́ ni, àbí ó sán?

Bí ó bá jẹ́ pé etí òkè ni ó ṣẹ́ bí èérún, tí ìlà kankan kò sì ti ibẹ̀ wọ inú dígí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi sáǹdípépà kíkúnná tí a rẹ sómi ha á, kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá wọ inú dígí, ó ti sán nìyẹn, bí omi kò tilẹ̀ tíì jò.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, kí ẹ sì pa iná ẹ̀rọ inú àpótí láti ara ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan omi.

2. Ẹ fi omi inú àpótí náà gan-an kó ẹja sínú ike. Omi ẹ̀rọ lè ní chlorine tí ń pa ẹja. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi rọ́bà fa ìyókù omi dànù.

3. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó sán, tàbí tí ìlà náà gùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń gé dígí pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìlà náà bá kúrú, tí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́, a lè fi gọ́ọ̀mù silicone lẹ dígí mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ mọ́ ọn láti inú. Ẹ fi abẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, nítorí tuntun kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ra èyí tí a fi oògùn èbu sí fún ilé ìwẹ̀. Ó lè pa ẹja.

4. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 48, ó kéré tán. Ẹ pọn omi kún un ní ìta, kí ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹja tó padà wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé àpótí sórí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ dígí lásán. Ẹ má ṣe gbé e pẹ̀lú omi nínú láé.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Téèpù kì í pa ẹnu dígí dé. Dígí tí ó sán lónìí, òní náà ni kí ẹ da omi rẹ̀ nù.