Ẹ Má Ṣe Fi Ọmọ Tó Ń Kàwé Ṣe Ẹlẹ́yà

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, nínú ìsìn kan ní Ìlúpéjú, ọmọ kan ń ka 1 Kọ́ríńtì 15:52 lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà, “incorruptible,” ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀. Àwa àgbà sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò gbà láti kàwé mọ́. Ẹ̀bi wa ni.

Ọ̀rọ̀ gígùn kì í le bí a bá gé e sí wẹ́wẹ́: in-cor-rup-ti-ble. Sílébù márùn-ún ni, bíi ti à-ì-dí-bà-jẹ́ inú Bíbélì wa. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹnu mọ́ ẹyọ kan ju ìyókù lọ. “Rup” ni níhìn-ín.

Ẹ bá àwọn ọmọ yín pàtẹ́wọ́ rẹ̀ nílé: ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ìkẹta dún jù. Ẹ ní sùúrù fún wọn.