Kọ̀ǹpútà àti Ìṣọwọ́kọ̀wé Àwọn Adàwékọ Slav Àtijọ́

Àlàyé tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín dá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ti àwọn ẹ̀yà Slav. Ẹni tí ó bá ti máàkì ìwé ìdánwò rí kò ní ṣàì mọ ìṣòro tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìwé Ìhìnrere Ostromir. Díákónì kan tí ń jẹ́ Gregory ni ó dà á kọ sórí awọ ẹran ní 1056 sí 1057, fún Ostromir, alákòóso ìlú Novgorod. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúró ṣánṣán. Ustav ni wọ́n ń pe irú ìṣọwọ́kọ̀wé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀, a sì gé àwọn ọ̀rọ̀ mímọ́ kúrú, a fa ilà kékeré lé wọn lórí. (Ti skoropis, ìkọ̀wé oníkíákíá tí ó dé lẹ́yìn náà, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Kọ̀ǹpútà kì í ti ọ̀run mọ̀wé wá. Bí a bá fẹ́ lo ètò bíi Transkribus, onímọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹ ohun tí ó wà ní àwọn ojú ìwé kan, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè fi wé àwòrán wọn. Ohun tí ó bá kọ́ níbẹ̀ ni yóò fi ka ojú ìwé tí kò rí rí. Achim Rabus ti Yunifásítì Freiburg ní Jámánì ti lo ọ̀nà yìí fún ìwé Cyrillic àtijọ́.

Ewu ibẹ̀ kò tètè hàn. Ọ̀dọ̀ àwọn Slav ìhà gúúsù, tí wọ́n ní fáwẹ̀lì àránmúpè, ni ìwé tí Gregory ń wò kọ ti ṣẹ̀ wá. Èdè ẹnu Gregory kò ní irú fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, níbi tí ó yẹ kí ó kọ lẹ́tà àránmúpè, ó máa ń kọ ti [u] nígbà mìíràn. Àṣìṣe ni lójú ẹni tí ń wá àkọtọ́; ẹ̀rí ẹ̀ka-èdè ni lójú tiwa. Bí ojú ìwé tí a ti tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe bá ni a fi kọ́ ẹ̀rọ, òun náà yóò máa tún un ṣe, kò sì ní fa igi pa ohunkóhun tí a ó fi mọ̀. Ohun tí ojú rí gan-an ni kí a tẹ̀, kì í ṣe ohun tí gírámà ń fẹ́. Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀ gígékúrú: bí a bá kọ́ ẹ̀rọ láti tú u sí odindi, yóò tú òmíràn ṣì, èyí tí ó ṣì yóò sì dán bí èyí tí ó tọ̀nà. Àwòrán awọ náà ni a gbọ́dọ̀ padà lọ wò.