Ẹ Ti Yọ Hándù Mọ́tò Tán, Ibo Ni Ẹni Tó Fẹ́ Gbà Yín Là Máa Gbà Wọlé?

Ẹ ó ti rí irú fídíò yẹn lórí Instagram tàbí TikTok. Mọ́tò dúdú kan dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sí hándù kankan lára ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó tẹ nǹkan kan nínú àpò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀, pàà! Lábẹ́ fídíò, àwọn èèyàn á máa béèrè pé èló ni wọ́n ń ṣe é, ta ló lè bá àwọn ṣe é l'Ékòó. Ìbéèrè tí mi ò kì í sáà rí níbẹ̀ ni èyí: tí bátìrì bá kú ńkọ́?

Mi ò wá ba fáàrí ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ó wuyì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kì í sì ṣe nǹkan tuntun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ California ní Amẹ́ríkà máa ń ra àlòkù Ford àti Mercury, wọ́n á gé òrùlé rẹ̀ kúrú, wọ́n á yọ gbogbo irin ọ̀ṣọ́ tó wà lára rẹ̀, hándù náà á sì bá a lọ. "Shaved" ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà téèyàn fá irun. George àti Sam Barris, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún 1950.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le púpọ̀. Panẹ́bítà á yọ hándù, á fi páànù dí ojú ihò, á jó o mọ́ ara ilẹ̀kùn, á fi bódífílà tẹ́ ẹ, á kùn ún lọ́dà. Inú ilẹ̀kùn ni rewáyà ti máa ṣe tiẹ̀. Á so okùn irin kékeré kan mọ́ lọ́ọ̀kì tí hándù ń fà tẹ́lẹ̀, á so ìdí okùn yẹn mọ́ nǹkan tí wọ́n ń pè ní solenoid. Solenoid yìí kò ju wáyà kọ́pà tí wọ́n wé yí ihò kan ká lọ. Tí iná bátìrì bá gba inú wáyà náà kọjá, á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa irin tó wà láàárín rẹ̀ wọlé, irin á fa okùn, lọ́ọ̀kì á tú. Iṣẹ́ rìmóòtù ò ju kó pàṣẹ pé kí iná kọjá.

Ó dáa, lọ́ọ̀kì ti tú. Kí lẹ máa wá dì mú? Kò sí hándù mọ́ ṣebí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà tó ní sípíríìngì sí ẹnu ilẹ̀kùn, kó lè ti ilẹ̀kùn síta díẹ̀, kí ọmọ ìka lè ráyè wọ ibẹ̀. Tí sípíríìngì yẹn bá ti rọ̀, tàbí tí ẹ páàkì síbi tó dagun tí ilẹ̀kùn ń wúwo padà sílé, lọ́ọ̀kì á tú, ilẹ̀kùn ò ní mira. Ẹ ó kàn dúró síta tẹ́ ẹ máa gbé rìmóòtù sókè sódò bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà mọ̀ pé bátìrì lè kú. Wọ́n máa ń fi okùn irin kan pa mọ́ sábẹ́ mọ́tò, èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ fà kí ilẹ̀kùn ṣí, tàbí kí wọ́n yọ orí wáyà méjì síta níbi kọ́lọ́fín kan tẹ́ ẹ ti lè fi bátìrì míì fún un níná. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni mọ́tò nìkan ló mọ ibi tí okùn yẹn wà. Tó bá jẹ́ ẹni tó ni mọ́tò gan-an ló dákú sínú rẹ̀, ta ló máa fa okùn?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti kó sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní June 2015, ọkùnrin àgbàlagbà kan àti ajá rẹ̀ kú sínú Corvette ọdún 2007 ní ìpínlẹ̀ Texas. Bọ́tìnnì iná ló ń ṣí ilẹ̀kùn irú Corvette yẹn, wáyà bátìrì sì ti yọ. Irin kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wọ́n ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, téèyàn lè fọwọ́ fà. Kò rí i lò. Ooru ló pa á.

Látìgbà tí Tesla ti gbé Model S jáde ní 2012, pẹ̀lú hándù tó ń rì sínú ara ilẹ̀kùn, ó ti di àṣà fún ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná. Ní September 2025, àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí nǹkan bíi 174,000 Tesla Model Y ti ọdún 2021. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé hándù ìta kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí iná bátìrì kékeré bá ti lọ sílẹ̀. Lára àwọn tó fẹjọ́ sùn ni òbí tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, tí ilẹ̀kùn kọ̀ jálẹ̀. Àwọn kan ní láti fọ́ gíláàsì kí wọ́n tó rí ọmọ wọn gbé jáde. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ń wò yín látinú gíláàsì, ẹ̀yin náà ń wò ó.

Lóṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní October 2025, Xiaomi SU7 Ultra kan kọlu nǹkan ní ìlú Chengdu, ní Ṣáínà, ó sì gbiná. Àwọn tó ń kọjá sáré débẹ̀, wọ́n fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n gbìyànjú láti fọ́ gíláàsì. Awakọ̀ náà kú. Ìjọba Ṣáínà ti wá gbé òfin jáde pé láti January 1, 2027, ilẹ̀kùn mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní hándù ìta tó ṣeé fọwọ́ ṣí láìlo iná. Wọ́n tiẹ̀ wọn ibi tí ọwọ́ máa wọ̀ nílé ẹ̀yìn hándù: ó kéré tán, sẹ̀ntímítà 6 sí 2 sí 2.5. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe mọ́tò oníná jù lágbàáyé ló ní kí wọ́n dá hándù padà o, àwa ló wá kù tá a fẹ́ san owó kí wọ́n bá wa yọ tiwa.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ náà tún le ju ti Chengdu lọ. Tí mọ́tò bá dojú dé ní Third Mainland Bridge tàbí lójú ọ̀nà Ìbàdàn, kì í ṣe panápaná ló kọ́kọ́ ń débẹ̀. Ọlọ́kadà ni, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì ni, àwọn ọmọ tó ń ta omi tútù ni. Àwọn wọ̀nyí ò gba ẹ̀kọ́ kankan lórí ìdóòlà ẹ̀mí. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni kí wọ́n di hándù mú, kí wọ́n fà á.

Ibi tí òfin ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà tí kò ka ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson, ti ọdún 1932. Ọ̀rẹ́ obìnrin kan ní Scotland ló ra ohun mímu fún un, obìnrin náà ní òun rí ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò. Òun kọ́ ló sanwó, kò bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn kankan, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ṣe ohun mímu náà jẹ ẹ́ ní gbèsè ìṣọ́ra. Ẹnikẹ́ni tó yẹ kẹ́ ẹ ti rò pé iṣẹ́ yín lè pa lára, aládùúgbò yín ni lójú òfin.

Ẹ wá fi wé ilẹ̀kùn tí kò ní hándù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò lè sọ pé ẹ ti gbà á bẹ́ẹ̀, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òfin mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ewu tó sì gbà á kì í pẹjọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yín nìkan lẹ lè fi gbà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó jókòó sẹ́yìn ò gbà nǹkan kan. Èrò Bolt tó wọlé l'Ọ́jọ́ta ò gbà nǹkan kan. Tó bá há mọ́ inú iná, àtẹ̀yin àti rewáyà tó ṣe iṣẹ́ náà lẹ lè jọ dúró níwájú adájọ́.

Ti ìńṣọ́ránsì, kúkúrú ni: third party tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ò kan mọ́tò tiyín rárá. Ẹni tó bá sì ra èyí tó pé, tó wá yí ara mọ́tò padà láìsọ fún wọn, ó ti fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa tọ́ka sí lọ́jọ́ tó bá lọ gba owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ rántí pé àyẹ̀wò MOT ń béèrè pé kí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì ṣeé ṣí láti inú àti láti ìta.

Tó bá ṣì ń wù yín, mi ò lè dì yín lọ́wọ́ mú. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ fi hándù ẹ̀yìn sílẹ̀, torí ẹ̀yìn lọmọdé ń jókòó. Hándù inú tí wọ́n ń fọwọ́ fà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba mọ́tò, kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó, ẹ ní kí rewáyà tú orí bátìrì níwájú yín. Ẹ tilẹ̀kùn. Kẹ́ ẹ wá pe ẹnì kan tí kò rí mọ́tò náà rí, ẹni tó ń ta káàdì ní ìkóríta náà dáa, ẹ ní kó ṣí i. Ẹ má júwe nǹkan kan fún un. Tó bá ti yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì tí kò tíì wọlé, ẹ ní kí wọ́n dá hándù padà.